Adìyẹ Tuntun Tí Ń Sín: Kí Olùsìn Má Ṣe Yára Dà Á Mọ́ Ti Ilé

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tí ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé àti ní oko

Ọ̀rọ̀ òní kan àpò olúkúlùkù. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa òròmọdìyẹ àti ọ̀dọ́ adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí ó dé ilé tán tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí ó ń wúkọ́, tàbí tí ó ń mí bí ẹni tí ó sáré gun òkè.

Ìyá kan lè fi owó èsúsú ra ọ̀dọ́ adìyẹ 10 ní ọjà, kí ó fi kún 30 tí ó ti ń yé ẹyin fún un. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn 10 tuntun lè kú, kí àwọn 30 àtijọ́ sì tẹ̀ lé wọn. Owó ìwé ọmọ tí ó yẹ kí ó ti ara ẹyin jáde ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bí a bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè, yóò ní afẹ́fẹ́ burúkú ni ó fẹ́ wọ àdúgbò. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ kọ́. Wákàtí kan ṣoṣo ni àdánù náà ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni wákàtí tí a tú okùn ẹsẹ̀ adìyẹ ọjà, tí a sì jù ú sáàárín ti ilé.

Ohun tí àsọyé yìí fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: adìyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá gbé fún ọjọ́ 21 ó kéré tán, kí olùsìn sì máa fetí sí mímí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí.

ÌDÍ TÍ ADÌYẸ TUNTUN FI Ń ṢÀÌSÀN

Àwọn àgbà a máa wí pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òtítọ́ ni. Adìyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, nítorí ẹranko tí ohun púpọ̀ ń pa jẹ ni. Bí ó bá fi hàn pé ó ti rẹ òun, àṣá àti ológbò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ojú olùsìn bá fi rí àìsàn lára adìyẹ, àìsàn náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wo ìrìn àjò tí ó rìn. A mú un ní oko, a dì í lẹ́sẹ̀, a kó o sínú agò pẹ̀lú adìyẹ tí ó ti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Ọkọ̀ gbé e la eruku àti oòrùn kọjá. Kò rí omi mu, kò rí oúnjẹ jẹ, gbogbo wọn sì ń mí lu ara wọn. Ara tí ó rí irú ìdààmú yìí kò lágbára láti bá àrùn jà mọ́. Àrùn tí ó ti ń sùn nínú rẹ̀ yóò jí, èyí tí ó pàdé ní ọjà yóò sì rí àyè wọlé.

Ohun mìíràn ni pé èémí adìyẹ kò rí bí ti ènìyàn. Yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, adìyẹ ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tàn ká inú àyà àti ikùn rẹ̀, tí ó sì wọ inú àwọn egungun kan pàápàá. Eruku tàbí kòkòrò àrùn tí ó bá gba imú wọlé lè rìn jìnnà nínú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí sísín kékeré kò fi ṣe é fojú di.

KÌ Í ṢE GBOGBO SÍSÍN NI ÀRÙN

Síbẹ̀, kò yẹ kí olùsìn máa fi ìbẹ̀rù sáré lọ ra oògùn. Àwọn ohun mẹ́rin kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èkíní ni eruku. Oúnjẹ adìyẹ tí ó lẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, tàbí èérún pákó tí ó kúnná jù tí a dà sílẹ̀ fún wọn, a máa mú kí òròmọdìyẹ sín. Bí a bá fi èyí tí kò kúnná pààrọ̀ rẹ̀, sísín náà yóò dáwọ́ dúró.

Èkejì ni òórùn ìgbẹ́ wọn. Kí olùsìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi dé ibi tí orí òròmọdìyẹ wà, kí ó sì mí síbẹ̀. Bí òórùn náà bá ta á lójú tàbí ní imú, ilé náà kò dára fún wọn. Òórùn yìí a máa jó ọ̀nà ọ̀fun wọn, a sì máa ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Èéfín ààrò èédú tàbí ti àtùpà tí a gbé sáàárín wọn láti mú wọn móoru a máa ṣe bákan náà bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Adìyẹ tí ooru mú a máa yanu, a sì máa mí kíákíá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ mọ́, ọ̀fun rẹ̀ kì í sì í dún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìyẹ nílò ooru tí ó tó ìwọ̀n 32 sí 35 ti Celsius, kí a sì máa dín in kù bí ìwọ̀n 3 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ohun èlò ìwọn-ooru lè wo ìdúró wọn: bí wọ́n bá ṣù jọ lé ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, ooru ti pọ̀ jù, bí wọ́n bá tàn ká tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń mu, ara tù wọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni àjẹsára. Òròmọdìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kán àjẹsára sí lójú lè sín díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ń jẹun dáadáa, tí ojú rẹ̀ sì dán, kò sí ewu níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra òròmọdìyẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: àjẹsára wo ni ó ti gbà, ní ọjọ́ wo?

Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, tí sísín náà kò sì dẹ̀yìn, àrùn ni kí olùsìn fura sí.

ÀWỌN ÀRÙN TÍ Ó YẸ KÍ A DÁ MỌ̀

Lùkúlùkú ni ọba wọn. Àwọn òyìnbó fi orúkọ ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é, níbi tí ó ti jà ní ọdún 1926. Ní ọdún kan náà ni a rí i ní erékùṣù Java ní ilẹ̀ Éṣíà. Ní Nàìjíríà, ìgbà àkọ́kọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jà ni láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn oṣù náà: àkókò ọyẹ́ ni. Títí di òní, ìgbà ọyẹ́ ni lùkúlùkú ń pa adìyẹ jù. Ìgbà náà gan-an sì ni ọjà adìyẹ ń gbóná nítorí ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun.

Ó lè kọ́kọ́ hàn bí òtútù lásán: sísín, ìwúkọ́, kí adìyẹ máa na ọrùn kí ó sì máa yanu. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ omi aláwọ̀ ewé, apá tí ó rọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e mọ́, àti ọrùn tí ó lọ́ sẹ́yìn. Ó lè fi ọjọ́ 2 sí 15 wà nínú ara kí ó tó fi ara hàn. Níbi tí adìyẹ kò bá ti gba àjẹsára, ó lè pa wọ́n tán pátápátá. Kò sí oògùn tí ó lè wò ó.

Ọ̀fìnkìn adìyẹ wà pẹ̀lú. Ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ adìyẹ yóò wú, ikun tí ń rùn yóò máa jáde ní imú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ lè pàdé. Àrùn yìí yára púpọ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 tí adìyẹ bá kó o ni ó ń hàn. Oògùn lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n adìyẹ tí ó yè é lè máa gbé kòkòrò náà kiri, kí ó sì kó o ran àwọn ẹlòmíràn.

Òmíràn jẹ́ àrùn èémí tí í pẹ́ lára. Ọ̀fun adìyẹ yóò máa dún hàrà-hàrà ní òru, ìfófòó yóò wà ní igun ojú rẹ̀, yóò máa jẹun ṣùgbọ́n kò ní sanra. Ìyá adìyẹ lè ti inú ẹyin kó o ran ọmọ, nítorí náà òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan pàápàá lè gbé e dé. Bí ó bá ti wọ ilé adìyẹ, kì í fẹ́ jáde mọ́.

Àrùn kan tún wà tí ń yára ràn bí iná ọyẹ́, tí ó máa ń mú kí gbogbo òròmọdìyẹ inú ilé sín lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọjọ́ 1 tàbí 2. Ọ̀pọ̀ lè yè é, ṣùgbọ́n bí ó bá mú abo tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè ba ilé ẹyin rẹ̀ jẹ́. Olùsìn yóò bọ́ ọ dàgbà, yóò máa retí ẹyin, kò sì ní rí i.

Èérún pákó tí ó tutù àti àgbàdo tí ó ti hu èébu ní tiwọn a máa fún òròmọdìyẹ ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Irú òròmọdìyẹ bẹ́ẹ̀ a máa yanu, a máa mí gúlegúle, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ kì í dún. Èyí kì í ti ara adìyẹ kan ran òmíràn. Inú ilé àti inú oúnjẹ ni ó ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aràn pupa tí í lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí àwọn ọ̀dọ́ adìyẹ tí ń jẹ ekòló nílẹ̀ tí adìyẹ àgbà ti ń jẹ̀. Adìyẹ tí ó ní in a máa na ọrùn, a máa gbọn orí, bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun. Oògùn aràn ni a fi ń tọ́jú rẹ̀.

A kò sọ èyí kí olùsìn lè máa ṣe dókítà fún ara rẹ̀. Àwọn àrùn wọ̀nyí jọ ara wọn lójú. Lọ́pọ̀ ìgbà, àyẹ̀wò nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A sọ ọ́ kí ó lè mọ ohun tí yóò wí nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

BÍ A TI Í YÀ ADÌYẸ TUNTUN SỌ́TỌ̀

Ìyàsọ́tọ̀ kò gba owó púpọ̀. Ẹni tí kò ní ilé adìyẹ méjì lè lo agò ńlá tàbí àpótí onípákó, kí ó gbé e sí apá kejì ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa fẹ́ láti ara ti tuntun lọ sí ara ti àtijọ́. Omi wọn kò gbọdọ̀ pa pọ̀, oúnjẹ wọn kò gbọdọ̀ pa pọ̀, igbá kan náà kò sì gbọdọ̀ bọ́ wọn.

Ní òwúrọ̀, ti àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí a tó lọ sọ́dọ̀ tuntun. Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ tuntun, kí a fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, kí a sì bọ́ bàtà tí a wọ̀ síbẹ̀. Ọmọdé tí a bá rán kí ó lọ bomi sí i, kí a kọ́ ọ ní òfin yìí pẹ̀lú, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé àti bàtà àlejò ni àrùn fi ń rìn.

Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti wọ̀, kí olùsìn pa iná, kí ó dúró jẹ́ẹ́ níwọ̀n ìṣẹ́jú 5, kí ó sì tẹ́tí. Ní ọ̀sán, ariwo kì í jẹ́ kí a gbọ́ èémí adìyẹ. Ní òru, ọ̀fun tí ń dún yóò sọ ti inú rẹ̀. Kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ mélòó tí adìyẹ ti dé, mélòó ni ó ń sín, báwo ni ìgbẹ́ wọn ti rí, mélòó ni kò jẹun.

Bí ọjọ́ 21 bá pé tí kò sí àmì kankan, ó dára. Ẹni tí ó bá lè mú un dé ọjọ́ 30 ṣe é dáradára jù. Kí ó tó dà wọ́n pọ̀, kí ó mú adìyẹ àtijọ́ kan ṣoṣo lọ bá àwọn tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹn kò bá ṣàìsàn, kí gbogbo wọn wá di ará ilé. A ṣe èyí nítorí pé adìyẹ kan lè gbé àrùn tí kò hàn lára òun fúnra rẹ̀.

BÍ ÀÌSÀN BÁ TI HÀN

Kí olùsìn má ṣe gbé adìyẹ tí ń ṣàìsàn lọ tà ní ọjà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi owó díẹ̀ ra ìbànújẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀, àrùn náà yóò sì padà wá bá a ní ọjọ́ ọjà mìíràn. Kí ó má ṣe gbà kí adìyẹ kankan wọlé tàbí jáde. Kí ó fún wọn ní omi mímọ́, ibi tí ó gbẹ, àti ooru tí ó tó. Kí ó sì kàn sí dókítà ẹranko tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí òkú adìyẹ tuntun bá wà, dókítà yóò sọ bí a ó ṣe gbé e wá fún àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ a máa tú kápúsù tí a rà fún ènìyàn sínú omi adìyẹ. Àṣà yìí kò dára. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò lè pa lùkúlùkú rárá. Bí a bá fún wọn ní díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ńṣe ni a ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn bí a ti í borí oògùn. Ìyókù oògùn náà a sì máa wà nínú ẹyin àti ẹran tí ọmọ wa yóò jẹ. Bí dókítà bá fún adìyẹ ní oògùn, kí olùsìn béèrè iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó jẹ ẹyin tàbí ẹran rẹ̀.

Òkú adìyẹ kò yẹ fún ìkòkò ọbẹ̀, kò sì yẹ fún ajá. Kí a sun ún, tàbí kí a gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí a sin ín. Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àrùn adìyẹ kan tí ó lè mú ènìyàn jà ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ hàn ní Áfíríkà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó pa ènìyàn kan ní Èkó. Ó tún padà jà ní Nàìjíríà ní ọdún 2015. Nítorí náà, bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán kó òkú wọn, kí ó má sì ṣe pa á mọ́ fún ìjọba.

ÀJẸSÁRA NI ODI

Lùkúlùkú kò ní oògùn, ṣùgbọ́n ó ní odi tí a lè mọ dè é. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, lẹ́bàá ìlú Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Èyí tí a ń kán sí òròmọdìyẹ lójú wà. Èyí tí a ń fi sínú omi mímu fún àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ náà sì wà. Kí a gbé àjẹsára inú omi kalẹ̀, kí a kọ́kọ́ gba omi lọ́wọ́ wọn fún wákàtí 1 sí 2, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Kí omi náà jẹ́ ti kànga tàbí ti òjò tí ó mọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí a ti fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, nítorí oògùn náà yóò pa àjẹsára. Kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí 2.

Fún adìyẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ káàkiri, irú kan wà tí a ń pè ní I-2, tí ó lè fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, tí ó sì bá abúlé tí kò ní iná mu. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ní ojú adìyẹ tó, yálà ó kéré tàbí ó tóbi, kí a sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Kí àwọn ará àdúgbò dáwó jọ rà á, nítorí ìgò kan a máa tó adìyẹ púpọ̀. Kí wọ́n gbà á kí ọyẹ́ tó dé. Kí a má sì ṣe fún adìyẹ tí ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ní àjẹsára láì kọ́kọ́ bi dókítà.

Àwọn kan yóò wí pé ọjọ́ 21 ti pẹ́ jù, pé àyè kò sí, pé adìyẹ ìbílẹ̀ lágbára. Agbára adìyẹ ìbílẹ̀ kò ju ti lùkúlùkú lọ. Òun gan-an ni ó ń pa jù ní abúlé wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì pẹ́ lójú ẹni tí ó mọ iye oṣù tí ó fi bọ́ abo adìyẹ kí ó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà lọ́la láti ra adìyẹ, kí ó tún agò ìyàsọ́tọ̀ ṣe lónìí, kí ó tó kúrò nílé. Kí ó wo imú adìyẹ kí ó tó san owó. Kí ó gbé e súnmọ́ etí, kí ó gbọ́ èémí rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí ọ̀fun ń dún, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó.